Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a fẹ́ kó kúrò ní Saint-Denis lọ sí abúlé ní Creuse

Àbẹ̀ní_93
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Creuse, ìgbèríko kan láàárín Faransé, lápá ibi tí Aubusson wà, CDI (iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke) ni wọ́n fún un, torí náà tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé ní July a máa kó lọ. Ọmọ méjì la ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, ìkejì jẹ́ ọmọ ọdún 3. Saint-Denis lẹ́bàá Paris ni mo ń gbé látìgbà tí mo ti dé Faransé, métro àti RER (ọkọ̀ ojú irin) ni mo mọ̀, mi ò ní láísẹ́ǹsì ibí, Château Rouge tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Áfíríkà ò jìnnà sí mi, tó bá wù mí kí n jẹ ẹ̀bà lónìí, lónìí náà ni n ó jẹ ẹ́. A ti rí ilé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé olókùúta, yàrá mẹ́rin, ọgbà ńlá, owó ẹ̀ lóṣù ò tó ìdajì èyí tí à ń san níbí, àmọ́ inú abà ló wà, ilé mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, ìlú tó súnmọ́ ọn jù tó kìlómítà 14. Ọkọ mi ní ká gbà á kíá. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìgbèríko Faransé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Dókítà ńkọ́, ilé ìwé ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, òtútù ńkọ́, kí n má sì purọ́, ojú tí wọ́n á fi máa wo èèyàn dúdú ńkọ́? Ẹ má bò ó fún mi o.

BàbáDàmi24
Ọmọ mi, ẹ gba ilé yẹn jàre. Dordogne lèmi wà. London ni mo ti wa bọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi àtìyá Dàmi wá síbí kí ọdún 2020 tó parí kí wàhálà Brexit má bàa ká wa mọ́ (ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ ń ka èyí, láti 1 January 2021 tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ ní, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 lẹ lè lò láìgba físà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ilé tàn yín). Àlàáfíà tó wà níbí kò ṣe é fẹnu sọ. Owó tí mo fi ra ilé mi, kò lè ra gáréèjì ní Peckham. Tí mo bá jí láàárọ̀, ẹyẹ ni mò ń gbọ́, kì í ṣe sáírẹ́ìnì. Ẹ̀rù abúlé wo ló wá ń bà yín, ṣé kì í ṣe abúlé la ti wá ni?

FúnmiNọ́ọ̀sì23
Dádì ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì, ẹ ní mọ́tò, kò sọ́mọ kékeré lọ́rùn yín. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Creuse gan-an lèmi wà, iṣẹ́ tọ́kọ yín fẹ́ wá ṣe yẹn lèmi náà ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa rí fún yín. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa wọṣẹ́, lọ́jọ́ mìíràn alẹ́ ló máa ṣe, òpin ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ kejì ìsinmi. Tó bá jẹ́ mọ́tò kan lẹ ní, òun ló máa gbé e lọ. Ẹ̀yin àtọmọ ọdún 3 á wá wà nínú abà, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì gan-an di kìlómítà 14. Lóṣù July ó máa dùn o, ẹ máa ya fọ́tò. Ẹ dúró kó di November kílẹ̀ máa ṣú láago márùn-ún.

Ilé ọ̀hún ò wọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Ilé ní Creuse wà lára èyí tí owó ẹ̀ kéré jù ní gbogbo Faransé, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa sáré. Ẹ wá ilé sínú ìlú kékeré tó ní ilé ìwé, ilé oògùn, ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì àti collège (ilé ìwé girama) fún èyí àgbà, kí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn. Tí ẹ bá lo ọdún kan tẹ́ ẹ sì ti mọ ibẹ̀, ẹ lè wá ra ilé olókùúta tó bá wù yín.

Ohun kan tí wọn ò ní sọ fún yín ni pé ilé tí kò ní fọ́níṣọ̀ nínú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ máa fi sọ fún wọn ṣáájú. Saint-Denis tẹ́ ẹ wà yẹn oṣù kan péré ni torí zone tendue (ibi tí ilé ti ṣòroó rí) ni. Nítorí náà wíwọlé rọrùn, jíjáde ló le.

ỌmọKétu12
Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní Bénin, Aveyron ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ àǹtí Fúnmi ni mo fara mọ́. Kí n fi ti ìwé kún un torí ìwé ni Faransé.

Ibi tẹ́ ẹ bá dé sí, mairie (ọ́fíìsì méyọ̀, olórí ìlú) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kódà tẹ́ ò bá ní nǹkan kan láti gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ mú ọkọ yín àtàwọn ọmọ dání kẹ́ ẹ lọ kí wọn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran, akọ̀wé mairie ló máa fi ojú tirẹ̀ ríran fún yín: ẹni tó ń ta igi, ẹni tó ń tún ihò èéfín ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàntí, obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ nílé rẹ̀, dókítà tó ṣì ń gba èèyàn tuntun. Àmọ́ ẹ wo àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn dáadáa, ní abúlé mìíràn ìdajì ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ wọlé ìwé, inú méyọ̀ á tún dùn sí i, torí tí ọmọ bá ti dín wọ́n máa ń ti kíláàsì pa, ọmọ kan péré lè jẹ́ kí kíláàsì má kú.

Ilé ìwé: láti 2019 ọmọ ọdún 3 ti gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé, mairie lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti bíìlì iná dání. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí abúlé kan bá ní àwọn kékeré tí abúlé kejì ní àwọn àgbà, bọ́ọ̀sì ló máa ń gbé wọn káàkiri, kíláàsì kan náà sì lè ní ọmọ ọdún mẹ́fà àti mẹ́jọ pa pọ̀. Wednesday ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí, ẹ ti máa ronú ẹni tó máa wà pẹ̀lú ọmọ lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti kó dé, ẹ yí àdírẹ́sì yín padà lórí titre de séjour (ìwé ìgbélùú), oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún yín, orí ayélujára la ti ń ṣe é báyìí. Ìwé mọ́tò, oṣù kan. Tí kọ̀ǹpútà bá ń dà yín láàmú, ẹ wá France Services tó wà nítòsí, ìjọba ló dá a sílẹ̀ ní 2020, wọ́n á jókòó tì yín, CAF (owó ìrànwọ́ ìdílé) o, owó orí o, CPAM (ìṣedúró ìlera) o, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Àbẹ̀ní_93
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń fi hàn ọkọ mi, ó ní Dádì Dordogne nìkan ló gbọ́n níbẹ̀ 😂. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló kù. Mo ní ti Nàìjíríà tí mo gbà kí n tó wá, ṣé wọ́n lè bá mi pààrọ̀ ẹ̀?

ỌmọKétu12
Rárá o. Láísẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti Yúróòpù, ọdún àkọ́kọ́ tí èèyàn bá di olùgbé ibí nìkan ló fi lè wakọ̀, inú ọdún yẹn náà ló ti gbọ́dọ̀ béèrè fún pípààrọ̀, tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá wà nínú àwọn tó ní àdéhùn pẹ̀lú Faransé. Tiyín ti kọjá ìyẹn. Ẹ lọ kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀.

FúnmiNọ́ọ̀sì23
Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé. Code (ìdánwò òfin ojú ọ̀nà) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ìbéèrè 40 ni, ẹ gbọ́dọ̀ gba 35, 30 yúrò ni owó ìdánwò, èèyàn lè fi áàpù kọ́ ọ lórí fóònù nínú RER. Tẹ́ ẹ bá ti ní code lọ́wọ́, ìwakọ̀ ló kù, wákàtí 20 ló kéré jù fún mọ́tò oníjíà, wákàtí 13 fún automatic. Ẹ mú automatic, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yín yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti oníjíà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀kọ́ wákàtí 7 ni wọ́n máa fi yí i padà, kò sí ìdánwò mìíràn. Owó ẹ̀ wọ́n o, gbogbo ẹ̀ máa tó 1,500 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ níbí ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì kò ríṣẹ́, kò rí dókítà, kò rí ọ̀rẹ́. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra kọ́ṣíọ̀n tuntun, ẹ fi ṣe é.

Ọlá_15
Ẹ má gbàgbé mọ́tò kékeré yẹn tí wọ́n ń pè ní sans permis, tí àwọn bàbá arúgbó máa ń wà. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 1988 lè gùn ún láìní ìwé ìwakọ̀ kankan, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ á lọ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 8. Kì í sáré ju kìlómítà 45 láàárín wákàtí kan lọ, ìjókòó méjì péré ló ní. Ọ̀pọ̀ tuntun ẹ̀ ju 10,000 yúrò lọ, àlòkù ẹ̀ gan-an wọ́n.

FúnmiNọ́ọ̀sì23
Ọlá, ìjókòó méjì, ọmọ méjì. Ibo ni ìyá wọn máa jókòó sí?

Ọlá_15
Ọ̀kan lè wà ní bọ́ọ̀sì ilé ìwé nígbà yẹn 😅

BàbáDàmi24
Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti mọ́tò wọ abúlé kó máa wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ dáadáa. Ibi tí kò bá ti sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ló lọ̀nà, kódà kó jẹ́ láti inú ọ̀nà tóóró tó jáde lẹ́yìn ilé ẹran. Bàbá kan lábúlé mi ti lé ní 80 ọdún, kì í wo òsì kì í wo ọ̀tún, ó ń jáde ni, òfin sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Lálẹ́, àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ìyá_Ìbejì87
Ẹ ti sọ ti mọ́tò ẹ ti sọ ti ìwé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí oúnjẹ, ẹ kúkú mọ̀ pé ìyẹn ló wà lọ́kàn ẹ̀ 😂. Àbúrò mi, Haute-Vienne ni mo wà, o ò ní kú síbí. Limoges ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, ibẹ̀ ni mo ti ń ra gàrí, èlùbọ́, epo pupa, iṣu nígbà tó bá wà, mo máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo ra fíríṣà ńlá kan tí mo kó sí ibi tí wọ́n ń kó wáìnì sí tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Fíríṣà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà kẹ́ ẹ tó ra tẹlifísàn.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé ẹran ibí dáa ju ti Paris lọ tó o bá mọ ohun tó o máa béèrè. Adìẹ líle tá a máa ń wá kiri, tí èyí tó wà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì máa ń yọ́ dànù sínú ọbẹ̀, lọ bá àgbẹ̀ tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, sọ fún un pé o fẹ́ poule de réforme, ìyẹn àwọn àgbà adìẹ tí kò yé dáadáa mọ́. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, àwọn míì tiẹ̀ máa ń wò ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Awó wà káàkiri, pintade ni wọ́n ń pè é, kò sí ọjà tí o ò ti ní rí i. Ṣàkì, àwọn náà ń jẹ ẹ́, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ funfun báláú fún ọ. Bọ̀kọ́tọ̀, sọ fún alápatà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, á fi pa mọ́. Ẹran ewúrẹ́ ló le díẹ̀, ní àsìkò Àjíǹde ni ọmọ ewúrẹ́ máa ń wà, àmọ́ tó o bá rí àgbẹ̀ tó ń fi wàrà ewúrẹ́ ṣe wàràkàṣì, bi í léèrè, ewúrẹ́ tó ti dàgbà kì í ṣòro fún wọn láti fún èèyàn. Kó jẹ́ pé ilé ìpẹran ló ti pa á ṣá o, má ṣe fọwọ́ ara ẹ pa ẹran ọdún sẹ́yìnkùlé, òfin ò gbà á, gendarme (ọlọ́pàá ìgbèríko) á wá.

Ẹ̀fọ́ wàyí. Inú ọgbà ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Faransé ni mo ti rí tẹ̀tẹ̀, ó ń fà á tu ó ń jù ú sínú kẹ̀kẹ́, ó ní koríko burúkú ni, ó ń ba àgbàdo òun jẹ́. Mo ní ẹ dákun ẹ má jù ú nù. Àpò méjì ni mo kó lọ sílé. Pàpàsán náà ń hù fúnra ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pourpier ni wọ́n ń pè é, wọ́n tiẹ̀ ń tà á lọ́jà níbòmíì. Ewédú ò fẹ́ràn òtútù rárá, abẹ́ ilé ọ̀rá ló ti lè ṣe é, ata rodo náà, February ni mo ti máa ń gbin kóró ẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù létí fèrèsé, n ò ní gbé e síta títí saints de glace (ọjọ́ òtútù ìkẹyìn) á fi kọjá, ìyẹn 11, 12, 13 May. Gbogbo àgbẹ̀ ibí ló mọ ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá gbin ata síta ní April nítorí pé oòrùn ràn, yìnyín á pa á ní òru ọjọ́ kan.

Ọlá_15
Ìyá Ìbejì ẹ ti jẹ́ kí ebi máa pa mí níbi iṣẹ́.

Àbẹ̀ní_93
Ẹ̀yin èèyàn, tẹ̀tẹ̀ ọ̀fẹ́?? Ọkọ mi ní ṣé mo ti rí i 😂. Dókítà ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi pé kò sí.

FúnmiNọ́ọ̀sì23
Ó wà, àmọ́ ó kún. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbèríko ti dàgbà, tí ọ̀kan bá fẹ̀yìn tì kì í tètè sẹ́ni tó máa rọ́pò ẹ̀, àwọn tó kù ò sì lè gba èèyàn tuntun. Nítorí náà ẹ má yọ orúkọ dókítà yín tó wà ní Saint-Denis kúrò o. Ibikíbi ní Faransé ni médecin traitant (dókítà tẹ́ ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló ń tọ́jú yín) lè wà. Tí ẹ ò bá ní ìkankan, Sécu (ìṣedúró ìlera ìjọba) á san 30% dípò 70%, owó dókítà sì ti di 30 yúrò láti December 2024. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá gba kí wọ́n fọwọ́ kàn yín, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé 16 wọn kì í dín tiwọn kù, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè maison de santé, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì máa ń wà pa pọ̀ níbẹ̀, ẹ lọ fúnra yín, ẹ má fi fóònù nìkan ṣe é, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ bá oní ilé oògùn dọ́rẹ̀ẹ́. Láti 2024 wọ́n lè yẹ ọ̀nà ọ̀fun wò kí wọ́n sì fún èèyàn ní antibiotic tó bá yẹ, àti fún ìtọ̀ tó ń ta àwa obìnrin, kò di dandan kẹ́ ẹ rí dókítà. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé náà wà, òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Tó bá le, 15 (nọ́ńbà pàjáwìrì ìlera) ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ mọ orúkọ ibi tẹ́ ẹ ń gbé lórí kẹ́ ẹ sì máa fi ẹnu pè é títí tó fi máa yọ́, lieu-dit (orúkọ abà) kí lójú ọ̀nà kí, torí ẹni tó ń dáhùn ìpè lè wà ní Limoges, kò mọ abà yín. Àwọn tó máa kọ́kọ́ dé ni pompiers (panápaná), ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olùyọ̀ǹda, ó lè jẹ́ ẹni tó ta búrẹ́dì fún yín láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n bá mú kàlẹ́ńdà wá sílé ní November tàbí December, ẹ wá owó kékeré kan fún wọn.

Àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bímọ níbí: láti 1 November 2024 gbogbo ọmọ tuntun ni wọ́n ń yẹ wò fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

BàbáDàmi24
Òtútù. Èmi ni kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Ilé olókùúta dùn ún wò, àmọ́ ògiri ẹ̀ ò ní nǹkan tó ń dá ooru dúró nínú. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè DPE, ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná sí, lẹ́tà tó máa ń lọ láti A tó dáa jù dé G tó burú jù. Láti 1 January 2025 ẹni tó bá ní ilé G kò gbọ́dọ̀ fi háyà fún ẹni tuntun mọ́. Tí wọ́n bá ní kò tíì sí DPE, ẹ sá. Ẹ tún ní kí wọ́n fi bíìlì iná January tó kọjá hàn yín, ìyẹn kì í purọ́.

Tó bá jẹ́ sítóòfù onígi ló wà níbẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ti ra igi, stère (mítà kan níbùú, lóòró àti lóòkè) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni wọ́n ti gé e, tí kò bá tó ọdún méjì ẹ má gbà á. Igi tútù ò ní mú ilé gbóná, èéfín ẹ̀ á sọ pálọ̀ yín di ilé ẹlẹ́ja Makoko. Lọ́dọọdún kí ẹnì kan wá gbá ihò èéfín, kó fún yín níwèé, torí tí iná bá ṣẹ́yọ ínṣọ́ránsì á béèrè ìwé yẹn.

Ohun mìíràn: ẹ má dáná sun koríko ọgbà o! Àṣà wa ni, mo mọ̀, àmọ́ ìtanràn ẹ̀ lè dé 750 yúrò. Déchetterie (ibi ìkópàntísí) la ń kó o lọ.

FúnmiNọ́ọ̀sì23
Dádì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ẹ̀yin náà ti fi hàn pé kí wọ́n má gba ilé yẹn 😄

BàbáDàmi24
Mo sọ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni. Abà dára. Àmọ́ mo gbà, ìyá ọmọ ọdún 3 tí kò lè wakọ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Ìyá_Ìbejì87
Ó béèrè ìbéèrè kan tí gbogbo yín ń fò. Ojú tí wọ́n á fi wò ó.

Wọ́n á wò ọ́. Àwọn ọmọ ẹ lè jẹ́ ọmọ dúdú kan ṣoṣo nílé ìwé. Kí ilé ìwé tó wọlé, lọ bá tíṣà sọ̀rọ̀, sọ fún un pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kan irun ọmọ ẹ, sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín àmọ́ sọ ọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìbejì, kò sì sí wàhálà. Irun náà, o máa fọwọ́ ara ẹ di í ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní abúlé, ra àtásímẹ́ǹtì jọ.

Ẹni tí kò bá kí ọ, fi í sílẹ̀. Àmọ́ ìwọ máa kí gbogbo èèyàn. Tó o bá wọ ilé oògùn tàbí pọ́ọ̀sì, bonjour fún gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà kó o tó sọ nǹkan tó o wá ṣe. Ẹni tó wá láti Paris máa ń gbàgbé èyí, ojú burúkú tí wọ́n ń rí, ọ̀pọ̀ ìgbà àìkíni ló fà á, kì í ṣe àwọ̀.

FúnmiNọ́ọ̀sì23
Ọ̀pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Níbi iṣẹ́ tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, ìyá àgbà kan ní dúdú ò gbọdọ̀ wẹ òun. Ọ̀gá wa ní kí n kàn máa fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ yín náà kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́, aago, ẹni tó wà níbẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gendarmerie ló wà ní ìgbèríko, kì í ṣe pólíìsì, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ láti gba ẹ̀sùn yín. 39 28 ni nọ́ńbà àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá tí mò ń sọ yìí, kò yí padà o. Àmọ́ àwọn aládùúgbò mi níbí, tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, àwọn ló ń mú ọmọ mi láti ibi tí bọ́ọ̀sì já a sí. Méjèèjì ló wà.

ỌmọKétu12
Ẹ wọ ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ àwọn òbí, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ọdún abúlé, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, èyíkéyìí. Ní January méyọ̀ máa ń pe gbogbo ìlú jọ láti kí wọn kú ọdún, wọ́n á jẹ kéèkì, wọ́n á mu nǹkan, ẹ má pa á jẹ. Tí wọ́n bá ní kí oníkálùkù gbé oúnjẹ wá, ẹ dín púfúpúfú. Wọ́n mọ beignet, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Ọbẹ̀ ata ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún kejì 😂

Àti kí ẹ̀rù má bà yín: Wednesday àkọ́kọ́ oṣù, aago 12 ọ̀sán, sáírẹ́ìnì á ké jákèjádò ìlú. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ṣọ́ọ̀bù náà á ti ilẹ̀kùn láago 12 títí di aago 2, Sunday ọ̀sán àti Monday ẹ má retí nǹkan kan. Láti September di ìparí February àwọn ọdẹ wà nínú igbó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ rìn, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn yòò, tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ chasse en cours (wọ́n ń ṣọdẹ lọ́wọ́) sí, ẹ padà.

Alhaja_R
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́, ẹran halal?

Ìyá_Ìbejì87
Alhaja, ìlú ńlá ni, Limoges ní mọ́sálásí àti alápatà halal. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ kó o sí fíríṣà. Àwa oníṣọ́ọ̀ṣì náà, Zoom là ń fi ṣe fíjìlì. Àwọn Kátólíìkì ló rọrùn fún díẹ̀, àmọ́ fáda kan ló ń bójú tó abúlé rẹpẹtẹ, Sunday yìí máàsì á wà níhìn-ín, Sunday tó ń bọ̀ ó di ibòmíì, ẹ máa wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Àbẹ̀ní_93
Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A ti kọ̀wé sí oní ilé abà pé a ò gbà á. Ìlú kékeré la ń wò báyìí, ilé tó wà níbẹ̀ wọ́n jù ú lọ díẹ̀ àmọ́ ẹsẹ̀ la ó fi máa lọ sílé ìwé, DPE ẹ̀ jẹ́ D. Mo ti ra áàpù code. Ìbéèrè kan ló kù: màmá mi fẹ́ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá mi tọ́jú ọmọ ní oṣù September àti October kí n lè máa lọ kọ́ ìwakọ̀. Ìwé wo ni mo máa ṣe?

ỌmọKétu12
Attestation d'accueil (ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ máa gba àlejò náà sílé), mairie ibi tẹ́ ẹ bá ń gbé ló ń ṣe é, ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kó dé kẹ́ ẹ tó béèrè, ẹ má fi falẹ̀ torí físà náà máa gba àkókò. Ẹ mú titre de séjour, ìwé ilé, bíìlì iná, ìwé owó oṣù dání. Sítáǹbù 30 yúrò, bí wọ́n bá kọ̀ wọn kì í dá a padà. Wọ́n lè bi yín bóyá ibi tí màmá máa sùn wà. Màmá náà á ra ínṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó 30,000 yúrò kí wọ́n tó lè fún wọn ní físà.

Ìyá_Ìbejì87
Kó o sì sọ fún màmá lórí fóònù báyìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì: ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ ìfun ẹ̀, wọ́n lè kó o wá títí dé kílò 20. Gàrí, èlùbọ́, kò séwu. Ewé tútù, iṣu tútù, wọn ò gbà láìsí ìwé àwọn elétò ọ̀gbìn. Ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, rárá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú Roissy wọ́n á sì dà á nù lójú wọn.

Àbẹ̀ní_93
Yéè, pọ̀nmọ́ ni wọ́n ti rà jọ o! Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n.